Àlòkù

Níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Láfẹ́nwá, lẹ́bàá ojú irin,
mo to alùpùpù mẹ́sàn-án síta kí oòrùn tó mú,
mo fi àkísà tútù nu ojú wọn
bí ẹni nu ojú ọmọ tí kò fẹ́ lọ iléèwé.
Olóògbé ọkọ mi ló fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní:
Má wo ọ̀dà, ọ̀dà a máa purọ́.
Tẹ́tí síbi tó ti ń mí.

Mo mọ ìdí ọjà yìí.
Mo mọ ẹni tó ń da ọ́ìlì tó ki sínú ẹ́ńjìnnì
kí èéfín lè ní sùúrù títí oníbàárà á fi dé Ìbarà.
Mo mọ ẹni tó ń dá òǹkà máìlì padà sẹ́yìn,
bí ẹni pé ìrìn tí a ti rìn ṣeé gbà padà.
Èmi náà ti fi ọ̀dà bo irin tó dógùn-ún rí. N ò sẹ́.

Bájáàjì pupa kan wà ṣá,
táǹkì rẹ̀ tẹ̀ wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó.
Ìgbà mẹ́ta ni mo ti tà á. Ìgbà mẹ́ta ló ti padà.

Ṣówẹ̀mímọ́ ló kọ́kọ́ gbé e wá, kò tí ì lò ó pé ọdún.
Ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì nílé ìwòsàn Ìjàyè,
owó oṣù mẹ́ta sì wà lọ́rùn ìjọba.
Ó ń sọ̀rọ̀ bírékì fún mi, ilẹ̀ ló ń wò.
Mo fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin gé e. Ó gbà.
Ẹni tí àwọn ọmọ ń ké dè nílé kì í ná ọjà pẹ́.

Mufútáù ará Àdàtán rà á, ó fi ṣe ọ̀kadà.
Ó gbé sìmẹ́ńtì, ó gbé àgbò àti olówó àgbò pọ̀,
ó kọ ọ́ sí mọ́tígáàdì: Ẹ JẸ́ KÍ N SÁRÉ TÈMI.
Lọ́dún kejì, ó ní òun ń lọ Líbíyà.
Owó tí mo san fún un kò tó owó ọ̀nà.
Kó tó rìn jìnnà ni mo ti ń fi ọ̀bẹ ha àkọlé rẹ̀ kúrò.
Gbogbo rẹ̀ ṣí. TÈMI nìkan ni kò ṣí.

Nọ́ọ̀sì Mojíbádé gbé TÈMI lọ sí Ọ̀pẹ̀jì,
abẹ́rẹ́ àjẹsára nínú kúlà lẹ́yìn rẹ̀,
òjò, ẹrẹ̀, ọdún mẹ́rin.
Nígbà tó dá a padà, n kò tí ì bi í léèrè
tó ti ń ka àbùkù rẹ̀ sí mi létí:
ṣéènì máa ń bọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́,
kì í fẹ́ jí bí òjò bá pa á mọ́jú.
Ọ̀bẹ tí mo fẹ́ fi gé owó rẹ̀,
òun fúnra rẹ̀ ló nà án sí mi, ó kọ èèkù sọ́dọ̀ mi.
Mo wò ó títí, n kò rí ibi gé.

Ẹni tó rà á tẹ̀lé e, àbúrò rẹ̀ ló tì í wá,
ìwé kò sí, kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpòòwé.
"Ibà ni," ló wí. "Kì í ṣe máṣínì ló pa á."
Ó tún un wí, bí ẹni pé mo máa tìtorí ẹ̀ bu owó.
Mo kúkú bù ú.

Iye tó kù lára nǹkan, ta ló lè wọ̀n ọ́n?
Àlòkù la ń pè é: a lò ó, ó kù.
Àárín kù àti kú kò ju kí ohùn gòkè díẹ̀.

Lówùúrọ̀ yìí ọmọkùnrin kan yọ,
ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó fìka kan táǹkì.
"Ìyá, bí mo bá fẹ́ tún un tà lọ́dún méjì, èló ni yóò pa?"
Mo la ẹnu láti pa irọ́ tí mo mọ̀ dunjú.
Ohun tó jáde ni: ṣéènì máa ń bọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.
Ó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá gé mi lójú ẹsẹ̀.
Nọ́ọ̀sì, ẹ ò rí i?

Ó ta á nípàá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ó dákẹ́.
Lẹ́ẹ̀kẹta ó wúkọ́, ó jí.
Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn mọ́tígáàdì:
"Tèmi. Ìyá, ta ló kọ èyí?"
Mo ní kó má dà mí láàmú, mo ń ka owó.